Vanadium kọ́ ló dáa fún gbogbo iṣẹ́ niútírọ́ọ̀nù

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àròkọ yín lójú ìwé sáyẹ́ǹsì lórí bí wọ́n ṣe ń fi niútírọ́ọ̀nù (èérún tíntìntín tó wà láàárín átọ́ọ̀mù) wo inú nǹkan, inú mi dùn pé ẹ tiẹ̀ ráyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ní kéèyàn ṣáà máa kó gbogbo ohun tó bá fẹ́ wò sínú agolo vanadium (irú mẹ́táàlì kan) torí niútírọ́ọ̀nù kì í rí vanadium, mi ò gbà o. Ìdajì òótọ́ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ bí átọ́ọ̀mù ṣe tò sínú lẹ́búlẹ́bú kan, ṣónṣó tó ń yọ lórí gíráàfù lẹ máa lò, vanadium ò sì ní da tiẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, apá tó ń yọ ṣónṣó lára ẹ̀ ò tó barn 0.02 nígbà tí ti alumíníọ̀mù tó 1.5 (barn ni wọ́n fi ń wọn bí átọ́ọ̀mù ṣe ń gbá niútírọ́ọ̀nù dànù tó tàbí bó ṣe ń gbé e mì tó). Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ vanadium yìí kan náà ló tún ń fọ́n niútírọ́ọ̀nù káàkiri láìlétò, bíi barn 5, ó tún ń gbé bíi 5 mì lórí ìyẹn, bẹ́ẹ̀ alumíníọ̀mù rèé, èyí tó ń fọ́n láìlétò ò tó 0.01, èyí tó ń gbé mì ò ju bíi 0.23 lọ. Ẹni tó wá fẹ́ wo bí mólékù ṣe ń mira nínú nǹkan tó ní háídrójìn, fífọ́n láìlétò yẹn gan-an ni àmì tó ń wá, ẹ wá ní kó gbé e sínú vanadium, kí ló fẹ́ rí? Alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni irú wọn ń lò. Tẹ́ ẹ bá sì ní alumíníọ̀mù náà ní ṣónṣó tiẹ̀, bó bá ti di pé ìgbì niútírọ́ọ̀nù gùn ju 4.7 angstrom lọ (tẹ́ ẹ bá pín mítà 1 sọ́nà bílíọ̀nù 10, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni angstrom), kò lè yọ ṣónṣó kankan mọ́.

Àwọn kan tún máa ń yọ́ titanium pọ̀ mọ́ zirconium, nínú átọ́ọ̀mù 100 bíi 68 á jẹ́ titanium, torí iye tó ń sọ bí titanium ṣe ń fọ́n niútírọ́ọ̀nù wà lábẹ́ òdo, ti zirconium wà lókè, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, ṣónṣó ò ní yọ. Ọgbọ́n yẹn wù mí ju gbogbo ẹ̀ lọ, ó sì lágbára dáadáa fún ibi tí wọ́n bá ti ń fi agbára tẹ nǹkan mọ́lẹ̀.

Ti gíláàsì ńkọ́? Quartz ni o. Gíláàsì láàbù tó ń fara da iná yẹn, boron wà nínú ẹ̀, boron sì ń gbé barn 767 mì. Omi lásán ò gbọ́dọ̀ nípọn ju mìlímítà 1 nínú agolo quartz torí háídrójìn ń fọ́n tó barn 80, omi tó ní deuterium (háídrójìn tó wúwo) dípò háídrójìn lásán lè tó mìlímítà 2.

Ohun tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ mẹ́nu bà rárá ni ìdérí. Rọ́bà tí wọ́n fi ń dí i kún fún háídrójìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo wáyà indium, mẹ́táàlì kan tó rọ̀ bí ìda, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ìdérí àti agolo títí á fi pẹlẹbẹ, àmọ́ indium náà ń gbé bíi 194 mì, torí náà wọ́n máa ń fi cadmium bò ó kí ìtànṣán niútírọ́ọ̀nù má kàn án, kò sì ṣeé gbé wọ inú ààrò torí ó ń yọ́ ní 157 Celsius. Ẹ ṣọ́ síkúrúù irin náà o! Tí cobalt bá wà lára ẹ̀, niútírọ́ọ̀nù lè sọ ọ́ di cobalt-60 tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, ọdún 5 ó lé kó tó dín sí ìdajì, ti alumíníọ̀mù ò tó ìṣẹ́jú 3.

Ahun ni mo máa ń pe ẹni tó bá ní òun ò ráyè wọn agolo òfìfo. Kí lẹ fẹ́ yọ kúrò lára ohun tẹ́ ẹ wọ̀n nígbà náà, kó lè ku ti nǹkan inú agolo nìkan?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe àtúnṣe ẹ̀ nínú ìwé yín tó ń bọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ń ka yín.

Òǹkàwé yín kan