Lẹ́tà sí àbúrò mi ní Peckham, London

Àbúrò mi,

Mo rí ohun tó o kọ sí status ẹ lánàá. Ìgbà tó fi máa di àárọ̀ o ti yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti yà á sórí fóònù wọn, wọ́n ti ń pín in kiri, kódà ó dé ọ̀dọ̀ tèmi láti ọwọ́ ẹnì kan tí ò mọ̀ pé ẹbí ni wá. Mi ò wá bá ẹ jà o. Ọmọ tẹ́ ẹ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n gún lọ́bẹ, o lọ síbi tí wọ́n to òdòdó sí, o rí ìyá ẹ̀ níbẹ̀, ta ló máa rí irú ẹ̀ tí inú ò ní bí? Mọ́mì ẹ ní o ò jẹun. Orúkọ ọmọkùnrin tó o dá yẹn ni mo fẹ́ bá ẹ sọ. O ní gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé òun ló ṣe é, pé ọlọ́pàá nìkan ni ò fẹ́ mọ̀.

Èmi náà gbé Peckham yẹn rí, kí wọ́n tó bí ẹ. Mo wà níbẹ̀ lọ́dún 2000 nígbà tí wọ́n pa Dámilọ́lá Taylor. Ọmọ wa ni, Èkó ni wọ́n bí i sí, oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn dé London nítorí àìsàn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin. Lọ́jọ́ 27 oṣù kọkànlá, ó jáde láti láíbìrì Peckham, kámẹ́rà ká a bó ṣe ń lọ tẹ̀rín-tọ̀yàyà, kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n fi ìgò fífọ́ gún un nítan, ó wọ́ ara ẹ̀ dé ibi àtẹ̀gùn ilé kan ní North Peckham Estate, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára ẹ̀ títí ó fi kú. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá péré kó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Nígbà yẹn náà, gbogbo àdúgbò ló "mọ̀". Ní Rye Lane, níbi tá a ti ń ra iṣu, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́dọ̀ onídìrí, kálukú ló lórúkọ tiẹ̀ lẹ́nu. Àwọn ọlọ́pàá kó ọmọ mẹ́rin lọ sí Old Bailey, kọ́ọ̀tù ńlá London, lọ́dún 2002, ẹlẹ́rìí tí wọ́n sì gbójú lé jù ni ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Bromley, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ gan-an, wọ́n fi bò ó ni. Wọ́n ti gbé owó £50,000 kalẹ̀ fún ẹni tó bá lè tú àṣírí, àwọn agbẹjọ́rò àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ní owó yẹn ló ń wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, adájọ́ ní kí wọ́n má ka ẹ̀rí ẹ̀ sí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sílé.

Ibi tó ń dùn mí títí dòní rèé: bàtà àti aṣọ àwọn tó ṣe é, tí ẹ̀jẹ̀ Dámilọ́lá wà lára ẹ̀, ti wà lọ́wọ́ ìjọba ní gbogbo àsìkò yẹn! Kò pẹ́ tí wọ́n pa ọmọ náà tí wọ́n ti gbà á, àwọn tó ń yẹ ẹ̀rí wò fún ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí ẹ̀jẹ̀ tí ojú lásán lè rí lára bàtà. Ìgbà tí wọ́n gbé e fún ilé àyẹ̀wò mìíràn ló tó hàn. Lọ́dún 2006 ni wọ́n tó dá Danny àti Ricky Preddie, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, lẹ́bi, ọmọ ọdún 12 àti 13 ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣe é. Wọn ò sí lára àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́. Manslaughter, ìyẹn ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, ni wọ́n pè é, ọdún mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n fún wọn, ọdún mẹ́jọ lórí ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì rọ̀ mí lọ́kàn.

Mo mọ̀ pé o máa ní ti Stephen Lawrence ńkọ́, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀dúdú tí àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà gún pa lọ́dún 1993, ṣebí ìwé ìròyìn Daily Mail dárúkọ àwọn márùn-ún tí wọ́n fura sí síwájú ìwé lọ́dún 1997, ó pè wọ́n ní apànìyàn, kò sì sẹ́ni tó gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló tẹ̀yìn ẹ̀ jáde? Àwọn òbí Stephen ti fúnra wọn gbé ẹjọ́ lọ sí kọ́ọ̀tù lọ́dún 1996 torí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní àwọn ò gbé ẹjọ́ náà mọ́, ẹ̀rí ò tó, wọ́n pàdánù, òfin ìgbà náà sì ni pé èèyàn tí kọ́ọ̀tù bá ti dá sílẹ̀, kò tún ṣeé gbé lọ lórí ẹ̀sùn kan náà mọ́. Ìgbìmọ̀ Macpherson tí ìjọba ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà tú gbogbo ẹ̀ síta lọ́dún 1999, wọ́n sọ pé ẹ̀yàmẹ̀yà wà nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá London fúnra ẹ̀, kó tó di pé òfin yẹn yí padà lọ́dún 2005. Ọdún 2012 ni wọ́n tó dá méjì lẹ́bi nínú àwọn márùn-ún, ọdún kọkàndínlógún lẹ́yìn tí wọ́n gún un ní ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì ní Eltham. Ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan ní ọrùn jákẹ́ẹ̀tì ọ̀kan nínú wọn, àti fọ́nrán òwú aṣọ Stephen lára aṣọ àwọn méjèèjì, ló ṣe é, kì í ṣe iwájú ìwé ìròyìn.

Torí náà tó o bá ní ọlọ́pàá ò dáa, mi ò ní bá ẹ jiyàn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọmọ yẹn ló ṣe é lóòótọ́, ohun tó o kọ yẹn ni agbẹjọ́rò ẹ̀ máa kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́, á ní wọ́n ti dájọ́ oníbàárà òun lórí fóònù kí wọ́n tó dé kọ́ọ̀tù. Tí kì í bá sì í ṣe òun ńkọ́? Ó ní ìyá tiẹ̀ náà ní òpópónà yẹn.

Ẹ lọ síbi ìtànná àbẹ́là yẹn lọ́jọ́ Sátidé, ẹ pariwo dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ pariwo ohun tó ṣeé dáhùn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti gba fídíò inú bọ́ọ̀sì àti ti àwọn ṣọ́ọ̀bù kó tó parẹ́. Ẹ béèrè ibi tí aṣọ àti bàtà tí wọ́n gbà wà, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbà wo. Káńsẹ́lọ̀ yín àti MP yín, aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin náà, ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá ya fọ́tò lásán. Kí ìyá ọmọ náà mọ̀ pé tí CPS, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń gbé ọ̀daràn lọ sí kọ́ọ̀tù, bá ní àwọn ò ní gbé ẹjọ́, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni kó ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, àti pé IOPC, àjọ tó ń mójú tó ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá, wà fún ẹjọ́ ọlọ́pàá tí ò ṣiṣẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ nǹkan wọ̀nyí, wọn kì í sì í sọ ọ́ fún wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Mọ́mì ẹ sọ pé fídíò kan wà lórí fóònù ẹ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Má pa á rẹ́, má ge nǹkan kan nínú ẹ̀, má fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù kankan, kódà má fi ránṣẹ́ sí èmi. Tó bá jẹ́ ẹ̀rù ń bà ẹ́ láti wọ tẹ́ṣàn, Crimestoppers wà, àjọ tí èèyàn lè ta lólobó nípa ìwà ọ̀daràn, wọn kì í béèrè orúkọ, tàbí kí n wá lọ́jọ́ Friday ká jọ wá lọ́yà ká tó lọ. Kàn dá mi lóhùn kí n tó sùn lónìí, kí n mọ èyí tó o mú.

Ẹ̀gbọ́n ẹ