Lẹ́tà sí Ṣadé: wọ́n fẹ́ ra ohùn mi

Bódìjà, Ìbàdàn
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Ṣadé mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Tóní ńkọ́? Tóní fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń fi imú sọ̀rọ̀ bíi tàwọn ará ibẹ̀? Kí o tó bínú pé mi ò pè, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ti orí fóònù. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lórí WhatsApp, wàá já lù ú, wàá rẹ́rìn-ín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì já níbi tó ṣe kókó. Jókòó, kí o ka gbogbo ẹ̀ tán.

Wọ́n fẹ́ ra ohùn mi.

Mo ní má rẹ́rìn-ín. Ilé iṣẹ́ kan ni, mi ò ní kọ orúkọ wọn síbí, wọ́n rán ọmọkùnrin kan sí mi. Ọmọ náà múra dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ètò mi lórí rédíò lòun ń gbọ́ láàárọ̀ nígbà tí òun wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Irùngbọ̀n ọmọ ọ̀hún ti kún o, Ṣadé. Inú mi ò mọ̀ bóyá kó dùn tàbí kó bàjẹ́. Ó ní àwọn ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yorùbá, àwọn ń wá ẹni tí ohùn ẹ̀ já gaara, tí kì í da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn. Kí n máa wá sí sítúdíò àwọn, kí n máa ka gbólóhùn tí wọ́n bá gbé síwájú mi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbólóhùn, wọ́n á sanwó. Owó yẹn ju gbogbo ohun tí mo ń rí lórí ìpolówó ọjà láti oṣù kìíní títí di Kérésì lọ. Bí mo ṣe gbọ́ iye ẹ̀, mo ní kí wọ́n fún un ní mínírà mìíràn, èyí tó tutù.

Nǹkan kan ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn tí mi ò sọ fún ẹ. Ṣé o rántí Alhaji alágbo, oníbàárà mi? Ó wọlé wá sí sítúdíò wa lọ́jọ́ kan, ó gbé fóònù lélẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ìyá Dámilọ́lá, ẹ gbọ́ ná." Ohùn obìnrin kan ló ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ẹ̀. Kì í ṣe èèyàn. Ọmọ ẹ̀ ló fi AI, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń kọ̀wé bí èèyàn, ṣe é, owó dátà nìkan ni wọ́n ná. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, torí obìnrin inú fóònù yẹn ní kí gbogbo awakọ̀ mu àgbo kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, bó sì ṣe pè é, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ni wọ́n fẹ́ wọ̀. Alhaji náà ń rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Àmọ́ ẹ wò ó, ọ̀fẹ́ ni." Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Lóṣù tó kọjá ó tún gbé òmíràn wá fún mi gbọ́, kó sì tún ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti tún ibi ọkọ̀ yẹn ṣe. Ó ń pè é bó ṣe yẹ.

Àwọn ọmọ tó ń tẹ ẹ̀rọ fún wa wá fún AI yẹn ní ìkéde òkú kà, kí a lè mọ̀ bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. "Pẹ̀lú ọpẹ́ fún ìgbé ayé rere, a kéde ìpapòdà ìyá wa, ìyá ìyá wa, ìyá àna wa..." Ṣadé, ohùn ẹni tó ń ta ọṣẹ ló fi kà á. Ó pariwo òkú bí ẹni pé wọ́n ti gbé ẹ̀dínwó lé e lórí. Gbogbo ilé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Wọ́n ní, ó dára, iṣẹ́ òkú ṣì kù fún wa. Ọkàn wọn balẹ̀. Tèmi ò balẹ̀, torí mo ti gbọ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́, mo sì ti gbọ́ ọkọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ìpàdé tí ẹgbẹ́ àwa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, díẹ̀ ló kù kó di ìjà. Bàbá Àgbà (o mọ̀ wọ́n, àwọn "ẹ̀yin èèyàn mi àtàtà") ní AI ò lè sọ Yorùbá láé, kò mọ òwe, kò mọ oríkì, kò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Obìnrin kan dìde, ó ní àmì ẹranko inú Ìwé Ìfihàn nìyẹn, ká gbààwẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn náà. Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ wá ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń fi kọ ètò òun, kò sì sẹ́ni tó fura. Wọn ò pàtẹ́wọ́ fún un rárá. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé ṣe tú, ẹ̀yìn ọmọ yẹn ni wọ́n tò sí, kálukú ní kó bá òun gbé e sórí fóònù òun. Bàbá Àgbà ló wà níwájú.

Màmá mi ò tilẹ̀ gbà pé nǹkan tuntun ni. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ṣí tẹlifíṣọ̀n WNTV nílùú yìí, ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, bàbá wọn ní ará Ìbàdàn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ nìyẹn. Kò pẹ́ kò jìnnà, bàbá náà ló ń kọ́kọ́ gbé àpótí lọ sí pálọ̀ aládùúgbò.

Ìwọ náà má wulẹ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ta ló kọ nọ́ńbà apànìyàn sẹ́yìn Bíbélì lọ́dún 2004? Gbogbo ìlú ní bí nọ́ńbà báyìí báyìí bá pè ẹ́, tóo gbé e, ó tán. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ń sọ pé irọ́ ni, ìwọ ní kí ni wọn ì bá sọ, ṣebí àwọn náà ló ń ta ikú. Ìyá ẹ pè ẹ́ láti Ìjẹ̀bú, o ò gbé e, torí pé 9 ló gbẹ̀yìn nọ́ńbà wọn! Nígbà tó wá di oṣù kẹrin ọdún 2020, tí o ti di ará Birmingham nílùú Òyìnbó, wọ́n dáná sun òpó fóònù ní Sparkhill níbẹ̀, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun tí wọ́n ń pè ní 5G ló ń fa kòrónà. Èmi lo ń pè láago mọ́kànlá òru tí o ń bi mí pé ṣé òótọ́ ni. Ká má parọ́, àwa náà ń wàásù lé e lórí níbí, nígbà tí kò tíì sí 5G kankan nílẹ̀ wa ju èyí tí wọ́n fi dánra wò lọ. Ọdún 2022 ló tó dé ọjà.

Ohun tó ń gba oorun lójú mi nìyí. Nọ́ńbà apànìyàn ò pa ẹnì kankan. Síbẹ̀ fóònù yẹn náà ló pa iṣẹ́ Àǹtí Rónkẹ́. O rántí pé nígbà tí GSM dé lọ́dún 2001, tí ìṣẹ́jú kan ń lọ ní 50 náírà, tí síìmù wọ́n bí ojú, kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé tábìlì àti agboòrùn sí Mọ́kọ́lá, tí èèyàn ń tò láti pè. Owó yẹn ni wọ́n fi rán Fẹ́mi dé Yunifásítì. Nígbà tó yá síìmù di ohun tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ létí títì, tábìlì wọn ṣófo. Kò sí wòlíì kan tó ríran ìyẹn, kò sẹ́ni tó gbààwẹ̀ fún wọn. Ibi tí agboòrùn wọn wà gan-an ni ẹlòmíràn ti ń ṣe POS báyìí.

Nítorí náà mi ò sí lẹ́yìn Bàbá Àgbà, mi ò sì sí lẹ́yìn aláàwẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ń kọ́ Yorùbá, yóò sì mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀, Bọ̀sún Tìjání, kéde pé àwọn máa kọ́ irú AI yìí ní àwọn èdè ilẹ̀ wa. Àjọ kan tó ń jẹ́ Mozilla náà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Common Voice, àwọn èèyàn ti ń ka gbólóhùn Yorùbá síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ lè lò ó. Ìyẹn ò bí mi nínú. Ẹni tó ń fi ohùn ẹ̀ tọrẹ mọ̀ pé ọrẹ lòun ń ta. Tèmi ni pé kí wọ́n má ra á lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ mi, kí ó wá máa ta àgbo fún Alhaji títí tí n óò fi darúgbó, lówó pọ́ọ́kú, kó sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi.

Ìwé àdéhùn náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Gẹ̀ẹ́sì líle ló kún inú ẹ̀. Ojú ìwé kẹrin ni mo ń kà tí mo tún ń kà. Bó ṣe yé mi, ó ní wọ́n lè fi ohùn mi ṣe ohun tó bá wù wọ́n, níbikíbi láyé, títí láéláé, wọ́n sì lè gbé e fún ẹlòmíràn. Mo bi ọmọ onírùngbọ̀n yẹn léèrè, mo ní, "Bí mo bá kú ńkọ́, ṣé ó ṣì máa máa sọ̀rọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mà, ẹ̀yin ò ní kú mọ́ nìyẹn." Àdúrà ló rò pé òun ń ṣe fún mi! Mo sì ti fẹ́ẹ́ ṣe àmín kí n tó ronú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo nìkan, Ṣadé. Àǹtí Rónkẹ́ rí fídíò pásítọ̀ ńlá kan tó ń polówó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohùn pásítọ̀ ni, ojú pásítọ̀ ni, pásítọ̀ ò sì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Wọ́n ti sanwó kí Fẹ́mi tó dé. Ìbò ọdún 2027 sì ń bọ̀. Ìwọ mọ àwọn olóṣèlú wa. Àwọn tó ń gbọ́ mi láràárọ̀ gbà mí gbọ́, ìyẹn nìkan ni ọjà tí mo ní. Ọjọ́ tí ohùn mi bá jáde lórí WhatsApp pé kí wọ́n dìbò fún lágbájá, ta ni mo fẹ́ sọ fún pé èmi kọ́?

Àwọn òṣèré Amẹ́ríkà daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2023, láti oṣù keje dé oṣù kọkànlá, irú ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tó dájà sílẹ̀: pé kí wọ́n má ya àwòrán èèyàn lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n wá máa lò ó láìgbàṣẹ, láìsanwó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òṣèré kan lára wọn, Scarlett Johansson, ké síta pé ohùn kan tí OpenAI, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe AI, gbé jáde jọ tòun jù, bẹ́ẹ̀ òun ti kọ̀ fún wọn. Wọ́n ní kì í ṣe ohùn ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n gbé e kúrò. Ó ní lọ́yà, ó ní orúkọ káyé. Èmi ní ìwọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti dé ibẹ̀. Mo ń ya àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ sí íméèlì ẹ lálẹ́ yìí. Jọ̀ọ́, fún Kọ́ládé àbúrò ọkọ ẹ kó bá mi kà á. Ifẹ̀ ló ti kọ́kọ́ kàwé òfin kó tó wá síbẹ̀ yẹn, ó mọ tilé, ó mọ toko. Kó wò ó bóyá òfin ààbò dátà tí wọ́n bu ọwọ́ lù níbí lọ́dún 2023 ka ohùn èèyàn mọ́ ohun tó ń dáàbò bò. Kó bá mi wá ọ̀nà tí mo lè gbà kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ lò ó fún òṣèlú àti oògùn, àti pé bí wọ́n bá ń tà á, kí tèmi máa wọlé. Má sọ iye owó náà fún un. Má sì jẹ́ kí ó sọ fún ìyá ọkọ ẹ, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ ní Dùgbẹ̀.

Má sì sọ fún mi pé kí n fa ìwé náà ya. Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́ gbọ́. Onílé ti fowó kún owó ilé, Dámilọ́lá wọ Yunifásítì Ìlọrin, ọkọ mi ní Ọlọ́run á ṣe é, mo sì mọ ẹni tí Ọlọ́run máa ń rán. Mo fẹ́ fọwọ́ sí i. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí mo ń fọwọ́ sí. Wọ́n ní kí èsì dé kó tó di ìparí oṣù.

Bísí ti bímọ, obìnrin ni. Wọ́n ti da ọ̀dà sójú títì àdúgbò yín níkẹyìn. Ọ̀gá Tísà ṣì wà láyé, wọ́n sì ṣì ń bínú sí ẹ.

Láti ìsinsìnyí lọ, bí ohùn mi bá pè ẹ́ pé kí o fowó ránṣẹ́ kíákíá, bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mápó lọ́jọ́ ìgbéyàwó Bísí. Bí kò bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, pa fóònù.

Èmi ni tìẹ,
Mojí

Mo gbàgbé: ìyá ẹ ní oògùn ojú àwọn ti fẹ́ẹ́ tán, kì í ṣe èyí tó ní ìdérí funfun o, èyí tó ní ìdérí búlúù.