Ta ni yóò sọ fún ọ̀gá?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Láìpẹ́ yìí ni mo ka lẹ́tà ẹnìkan lójú ewé àwọn òǹkàwé yín, tó ní ohun tó ba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ kò ju pé àwọn ọ̀gá ìsinsìnyí ti rọ̀ jù. Ó ní kí wọ́n dá irú ọ̀gá tí àwọn olùkọ́ ń gbọ̀n fún padà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíì fún un lésì pé ìwà apàṣẹwàá ló ń lé àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ lọ, pé ọ̀gá tó ń fẹ̀rín múni ṣiṣẹ́ la fẹ́. Mo ka méjèèjì tán, mo mi orí. Ọdún 24 rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mẹ́fà nínú rẹ̀ ni mo ti fi ṣe igbákejì ọ̀gá. Mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tó le bí òkúta, mo sì ti ṣe lábẹ́ èyí tó rọ̀ bí òwú. Ohun tí ojú mi rí kò bá ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì mu.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣì ń dùn mí dòní.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ olùkọ́ kíláàsì, ọ̀gá kan darí wa tó mọ iṣẹ́ dáadáa, kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn dù ú. Ó máa ń dé kí wọ́n tó ṣí géètì tán. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá, títí kan ti kọ́bọ́ọ̀dù tí ṣọ́ọ̀kì wà, inú àpò rẹ̀ ló ń gbé. Tí ṣọ́ọ̀kì bá tán lọ́wọ́ rẹ, wàá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, wàá sì ṣàlàyé ibi tí ti àná wọlé sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe táìmù-tébù ìdánwò. Lọ́dún kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá àwọn olùkọ́ nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo wò ó, mo tún un wò. Ìṣirò àti bàọ́lọ́jì fún kíláàsì kan náà, Ọjọ́rú kan náà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kan náà. Ẹni tó dúró tì mí náà rí i. Ó fi ìka kan ibẹ̀, ó wojú mi, ó sì padà sídìí ìwé tó ń máàkì. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ nǹkan kan.

Kí ló dé tí a ò sọ fún ọ̀gá? Ní sáà tó ṣáájú, olùkọ́ kan ti nawọ́ nínú ìpàdé, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó dà bíi pé ẹ ti gbàgbé kíláàsì kẹta." Ọ̀gá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní: "Ìwọ ni kó wá máa ṣe ọ̀gá, àbí?" Ẹ kíyè sí "ìwọ" yẹn o, olùkọ́ yìí fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. A rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, bákan náà ni ìpàdé wa máa ń parí. Ọ̀gá á máa kó ìwé rẹ̀ jọ, á yẹ aago ọwọ́ rẹ̀ wò, á ní: "Ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ kankan?" Ẹni tó ti dìde dúró kó tó béèrè ọ̀rọ̀, ẹ ti mọ èsì tó ń retí.

Ọjọ́rú dé. Aago lù, àwọn ọmọ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́, wọn ò mọ yàrá tí wọn yóò wọ̀. Ọ̀gá pariwo mọ́ wa: "Nínú gbogbo yín, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó rí i?" Ilẹ̀ la ń wò. Èmi tí mo ti rí i láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilẹ̀ náà ni mò ń wò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń fi ọ̀gá yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kan èmi gan-an.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Bí a bá ń pa òwe yìí, ẹni tó di àdá mú nìkan la máa ń dá lẹ́bi. Àwa tí à ń tẹ̀ lé e ńkọ́? Ìṣojú wa ni ọ̀nà ṣe ń wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ọ̀gá tí ẹnìkan jẹ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè bóyá ẹni tó wà lẹ́yìn lè ké sí i pé "Ó ti ń wọ́ o", kí òun sì yíjú padà láìbínú.

Ìwádìí kan wà lórí ọ̀rọ̀ yìí tí wọ́n máa ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá kàwé nípa àbójútó ilé-ẹ̀kọ́. Kurt Lewin, Júù tó sá kúrò ní Jámánì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1933, ló ṣe é pẹ̀lú Ronald Lippitt àti Ralph White ní Yunifásítì Iowa, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1939. Wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá jọ ní márùn-ún márùn-ún láti máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́, bíi kí wọ́n fi bébà mọ ojú agọ̀. Olórí kan á máa pàṣẹ, kò ní jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó kàn. Òmíràn á fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n kí wọ́n tó jọ pinnu. Ẹ̀kẹta á kàn jókòó, á ní kí wọ́n ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Orúkọ ọ̀nà mẹ́ta yìí làwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há sórí wọ inú ìdánwò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé àwọn olùwádìí ní kí olórí jáde kúrò nínú yàrá, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nínú àwọn ẹgbẹ́ tí apàṣẹwàá ti mú kí wọ́n tutù pẹ̀sẹ̀, nígbà tó wà lórí wọn, iṣẹ́ gba ìdá 74 nínú 100 àkókò wọn. Bó ṣe jáde, ó já wálẹ̀ sí 29. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n, 50 ni nígbà tó wà níbẹ̀. Ó jáde, ó di 46. Mo fẹ́ ṣe òótọ́ sí ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́: 74 ju 50 lọ, kò purọ́. Ọ̀gá tó le ń rí iṣẹ́ gbà níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀. Ọ̀gá wo ló wá lè wà nínú yàrá 20 lẹ́ẹ̀kan náà? Ní ti ẹni tó fi wọ́n sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àníàní ò sí níbẹ̀: 33 péré ni iṣẹ́ gbà bó tilẹ̀ jókòó síwájú wọn. (Nígbà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, 19 nínú 20 ló ní àwọn fẹ́ ẹni tó ń fọ̀rọ̀ lọ àwọn ju apàṣẹwàá lọ. Ọmọ ọ̀gágun ni ẹyọ kan tó kù. Mi ò lè ṣàìsọ ìyẹn.)

Ọ̀gá kejì tí mo bá ṣiṣẹ́ dà bí olórí kẹta yẹn gẹ́lẹ́. N ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá gbé lọ bá a, "Ẹ ṣe é bó ṣe tọ́ lójú yín" ni. Ó dùn mọ́ wa fún bí oṣù kan. Lẹ́yìn náà, olùkọ́ méjì fi ọjọ́ kan náà sí ìpàdé òbí kíláàsì wọn nínú gbọ̀ngàn kan náà, kò sì sí ẹni tó lọ sọ fún un, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé kò ní ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ ò rí i pé ibi kan náà la dé? Lábẹ́ èyí tó le, ẹ̀rù pa wá lẹ́nu mọ́. Lábẹ́ èyí tó rọ̀, a ò rí ìdí tí a fi ní láti la ẹnu.

Obìnrin ni ọ̀gá kẹta, wọ́n sì le. Bí olùkọ́ bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ ti dé orí tábìlì rẹ̀ kí ó tó jókòó. Ní sáà ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n dé, wọ́n lẹ táìmù-tébù mọ́ ibi tí ti àtijọ́ máa ń wà. Wọ́n so báírò pupa kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òwú. Wọ́n kọ sórí rẹ̀ pé: "Mo ti ṣìṣe nínú èyí. Ẹ bá mi wá a." Ọjọ́ kan gbáko, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan báírò náà, a rò pé ìdẹ ni. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ tó kéré jù nínú wa fa ìlà kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀ bí olè. Nígbà ìpàdé, ọ̀gá mú bébà náà wá, wọ́n ní: "Ta ló rí èyí?" Ọmọ náà dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n ní: "Ẹ ṣé. Àwọn ọmọ 40 ì bá dúró síta." Wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, pupa ti kún bébà náà. Èmi nìkan fa mẹ́ta.

Wọn kì í ṣe áńgẹ́lì o. Ìpàdé wọn gùn débi pé a máa ń gbàdúrà kí iná kú. Nínú ìpàdé náà, àwọn ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, nítorí wọ́n ní tí ọ̀gá bá ti la ẹnu tán, ohùn rẹ̀ nìkan lẹ ó tún máa gbọ́ lẹ́nu àwọn yòókù. Bí wọ́n bá pe ẹnìkan wá kọ́ wa ní ọgbọ́n ìkọ́ni tuntun, wọ́n á jókòó sáàárín wa, wọ́n á ṣí ìwé, wọ́n á béèrè ohun tí kò yé wọn. Viviane Robinson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New Zealand kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ ní 2008 láti mọ ohun tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe tó ń ran ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ jù lọ. Ohun tó gbégbá orókè ni kí ọ̀gá máa ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́, kí òun náà sì jókòó kọ́ ọ pẹ̀lú wọn. Mo gbà gbọ́. Ẹni tó ti rí i pé ọ̀gá béèrè ìbéèrè òpè kò ní tijú láti béèrè tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Amy Edmondson, nígbà tó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, lọ wo bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń ṣi oògùn fún aláìsàn. Ó rò pé ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì tó bá ní olórí gidi ni àṣìṣe wọn máa kéré. Ìwé tó kó jọ sọ òdìkejì: ibi tí olórí ti dára ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe ti pọ̀. Nígbà tó wò ó síwájú sí i ló rí i pé ó jọ pé kì í ṣe pé wọ́n ń ṣìṣe jù, wọ́n kàn ń sọ ọ́ ni. Níbi tí olórí ti ń fojú pani, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ọ̀gá kan ń yangàn pé lọ́dọ̀ òun, gbogbo nǹkan ń lọ geere, tí òun kò gba ìròyìn burúkú kan láti ọdún kan, ẹ ṣàánú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀mí èèyàn ti bá irú rẹ̀ lọ. Ní 28 oṣù kìíní 1986, Challenger, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfurufú, fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú ọ̀run ní ìṣẹ́jú-àáyá 73 lẹ́yìn tó gbéra. Èèyàn méje ló kú. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti kìlọ̀ pé òtútù kò ní jẹ́ kí rọ́bà tó dí oríkèé rẹ̀ di dáadáa, pé kí wọ́n má gbé e bí ojú ọjọ́ bá tutù ju 53 lọ lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Àwọn ọ̀gá wọn tún ọ̀rọ̀ náà rò, wọ́n sì yí ohùn padà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọba wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn tó wà lókè pátápátá, tí wọ́n fọwọ́ sí i pé kó gbéra, kò tilẹ̀ gbọ́ pé ẹnìkan ti kọ́kọ́ ní kó má lọ. Ọ̀rọ̀ náà kú sí àárín ọ̀nà, lọ́wọ́ àwọn igbákejì bíi tèmi.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé ni àwọn ìgbìmọ̀ tó ń yan ọ̀gá. Mo ti bá wọn jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á bi ẹni tó ń wá ipò náà nípa ìwé ẹ̀rí rẹ̀, nípa àbájáde ìdánwò ibi tó ti ń bọ̀, nípa bó ṣe máa "mú àwọn olùkọ́ wá sábẹ́". Gbogbo rẹ̀ ló ti há èsì rẹ̀ sórí láti ilé. Kí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan tí kò ṣeé há: "Ta ni ẹni tó wà lábẹ́ yín tó sọ fún yín kẹ́yìn pé ẹ ṣìṣe? Ìgbà wo ni? Kí lẹ ṣe fún un?" Kí wọ́n wá dákẹ́, kí wọ́n máa wo ojú rẹ̀.

Mo bi ara mi ní ìbéèrè náà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà yìí. Ẹni tí mo rántí ni olùkọ́ kan tó wá sọ fún mi pé mo fi orúkọ òun sí yàrá méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún un ṣe, inú mi sì dùn pé mo rí ẹnìkan rántí. Mo wá lọ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ. Kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é tí mi ò ní tíì ṣìṣe kankan láti oṣù mẹ́jọ.

Lọ́jọ́ Ajé, màá mú báírò pupa kan àti òwú dání lọ síbi iṣẹ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan