Ẹ Bá Wa Yọ Nọ́ńbà Yẹn Kúrò Ná

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mi ò kọ̀wé yìí láti bá yín jà rárá, ìwé ìròyìn yín ni mò ń kà jù, àmọ́ ojú ìwé tẹ́ ẹ ti máa ń to orin àti fídíò tó ń tréńdì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ wá ń kọ iye èèyàn tó ti wò ó gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ dákun ẹ tún un rò. Téèyàn bá kà á tán kò ní mọ̀ bóyá orin yẹn dáa, kò ní mọ ohun tí onílù ṣe níbẹ̀, mílíọ̀nù báyìí mílíọ̀nù báyìí ṣáá la máa rí.

Ẹ lè ní kí ni nọ́ńbà lásán fẹ́ ṣe fún èèyàn. Ó ń ṣe nǹkan o. Lọ́dún 2006, Salganik, Dodds àti Watts gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde láti Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà. Orin 48 táwọn èèyàn ò mọ̀ rí ni wọ́n kó sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn tó lé ní 14,000 wá gbọ́ ọ, ẹni tó bá sì wù lè dáńlódù ẹ̀. Wọn ò fi nọ́ńbà kankan han àwọn kan, wọ́n wá pín àwọn tó kù sí agbo 8, agbo kan ò mọ ohun tí èkejì ń ṣe, àmọ́ kálukú ń rí iye àwọn ará agbo tiẹ̀ tó ti dáńlódù orin kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ mọ̀ pé orin tó gbégbá orókè nínú agbo kan lè má rí ẹni yà sọ́dọ̀ ẹ̀ nínú òmíì? Orin kan náà o! Èyí tó dáa jù kì í sábà jábọ́, èyí tó burú jù kì í sábà gòkè, àmọ́ tàwọn tó kù, ibi tó bá bá ara ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n wá tò ó kí èyí tí wọ́n dáńlódù jù wà lókè, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ̀yin náà ṣe ń tò ó.

Ọdún 2006 nìyẹn o, Facebook ò tíì ní bọ́tìnnì láíkì, 2009 nìyẹn dé. Nígbà tó fi máa di 2018, ọ̀gá kan ní YouTube fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ó lé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò táwọn èèyàn fi ń wo fídíò níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń yan fídíò téèyàn máa wò ló gbé e wá fún wọn. Ẹ̀rọ yẹn ò níkà nínú jàre, ohun tí ìka wa bá ṣe ló ń kà, ṣé o wò ó tán, ṣé o fò ó, kò mọ̀ pé inú ń bí ẹ lo ṣe wò ó tàbí pé oorun ló gbé ẹ lọ tó fi ń ṣeré títí. Ó tún wá ń gbé e padà wá. Zajonc, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, sì ti fi hàn láti 1968 pé ohun tá a bá ń rí lemọ́lemọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wù wá torí pé ó ti mọ́jú wa lásán. Wọ́n ní ó wù mí, kò wù ọ́ ló ń jẹ́ kí ọmọ ìyá méjì máa jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àmọ́ lórí fóònù báyìí, abọ́ kan náà ni wọ́n ń gbé síwájú gbogbo wa.

Àwọn kan á ní ká kúkú pa fóònù tì. Mi ò gbà. Orin àtijọ́ tó jẹ́ pé ẹni tó ní rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ nílé nìkan ló ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ọmọdé báyìí, ta ló fẹ́ dá ìyẹn padà? Àwọn tó sì ń kórìíra gbogbo ohun tó bá ti tà, tí wọ́n rò pé àwọn gbọ́n, nọ́ńbà yẹn náà ló ń darí wọn, ẹ̀yìn ló kàn ń fà wọ́n sí. David Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí kan ará Scotland, ti sọ ọ́ láti 1757 pé kéèyàn máa fi ọ̀kan wé èkejì, kó sì máa ṣe é léraléra, ló ń jẹ́ kó mọ iṣẹ́ tó dáa yàtọ̀. Ó gba àkókò. Wàá jókòó ti àwo orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wàá tún un gbọ́ lọ́jọ́ míì tí ara ẹ balẹ̀, wàá wá ẹni tí akọrin yẹn kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ, wàá bi ọ̀rẹ́ ẹ tó mọ orin gbọ́ pé kí ló rí níbẹ̀ tó fi ń yínmú, kẹ́ ẹ sì jọ jiyàn ẹ̀ dáadáa. “Kò kàn wù mí ni” ò tó, kí ni ò wù ẹ́ níbẹ̀?

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Fún oṣù kan péré, ẹ yọ nọ́ńbà yẹn, kẹ́ ẹ ní kí òǹkàwé méjì kọ̀wé lórí orin kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ tuntun ì báà jẹ́ ti ogójì ọdún sẹ́yìn, kí ọ̀kan sọ ìdí tó fi fẹ́ràn ẹ̀, kí èkejì sọ ìdí tí kò fi rí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ tẹ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí oṣù yẹn bá pé táwọn èèyàn bá ní nọ́ńbà làwọn fẹ́, ẹ dá a padà, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn tá a bá ti ka ọ̀rọ̀ orin yẹn tán.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́.