Lẹ́tà ìparí táàmù sí ẹ̀yin òbí: ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn oníkáàdì

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, ẹ kú làálàá táàmù yìí. A mọ rírì yín gan-an, ẹ ṣeun tí ẹ ò fi wá sílẹ̀.

Ká tètè yanjú àwọn tó rọrùn. Ìdánwò ti parí, èsì á tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní Fúráìdé. Ilé aláwọ̀ ewé ló gba ife eré sísá, ilé pupa ṣì ń bínú. Ìwé láíbìrì tó bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ dá a padà. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ di Sátidé tó ṣáájú ìwọlé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn.

Mo ti ka gbogbo mẹ́sẹ́ẹ̀jì yín o, títí kan ti ẹni tó kọ tiẹ̀ ní aago méjì òru. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju báyìí lọ: iná lọ ní Túsìdé, ilẹ̀kùn àbáwọlé wa tú fúnra ẹ̀, ọmọ kíláàsì kejì méjì sì yọ́ jáde lọ wo ológbò kan tó bímọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọn ò kúrò nínú ọgbà, ẹ̀ṣọ́ wa ló mú wọn wọlé. Àmọ́ ẹ ń bi mí pé irú ilẹ̀kùn ààbò wo ló ń ṣí tí iná bá lọ.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Káàdì tó wà lọ́rùn àwọn ọmọ ò ní bátìrì nínú, tí wọ́n bá gbé e sún mọ́ ríídà (ẹ̀rọ kékeré ara ògiri tó ń ka káàdì), agbára tó ń jáde lára ríídà yẹn ló ń jí i tó fi máa sọ nọ́ńbà ẹ̀, nọ́ńbà nìkan o. Ríídà náà ò láṣẹ kankan, ṣe ló kàn ń fi nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ gba inú wáyà lọ bá kọ̀ntírólà nínú àpótí irin tó wà ní ọ́fíìsì, òun lọ̀gá, òun ló mọ ẹni tó lè wọlé àti ìgbà tó lè wọlé. (Ìdí nìyẹn tí a ò fi gbé e síta, olè tó bá já ríídà kúrò lára ògiri, wáyà lásán ló máa bá.) Tí kọ̀ntírólà bá gbà, á gé iná tó ń lọ sára mágínẹ́ẹ̀tì orí ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ọmọ á wọlé. Ṣé ẹ rí i báyìí, iná gan-an ló ń di ilẹ̀kùn yẹn mú. Tí iná bá wà lára mágínẹ́ẹ̀tì yẹn, kéèyàn tó fi agbára fà á ṣí, àfi kó lágbára tó lè gbé nǹkan bí 270 kílò. Tí iná bá kúrò, irin lásán ni.

A mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kọ́kọ́rọ́ tó máa ń tì pa láti ìta tí iná bá lọ wà, ó wà ní yàrá kọ̀ǹpútà wa, ẹni tó bá wà nínú ṣì lè tẹ ọwọ́ ilẹ̀kùn jáde. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ọmọ máa bá sá jáde tí ilé bá ń jó, mi ò ní fi ohun tó lè há wọn mọ́lé síbẹ̀, ẹ máa bínú sí mi lọ. Kódà àpótí aláwọ̀ ewé kékeré tó wà lára ògiri yẹn, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kì í bi kọ̀ntírólà léèrè, ṣe ló ń gé iná mágínẹ́ẹ̀tì tààrà.

Ibi tí a ti jẹ̀bi ni bátìrì. Tí iná bá lọ, bátìrì ló yẹ kó gbé gbogbo ẹ̀ ró fún wákàtí mélòó kan. Nígbà tí a ṣí àpótí, ó ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ọ̀pọ̀lọ́ tó ń bínú, agbára iná fóltì 12 ló yẹ ká bá níbẹ̀, mítà ò ka 8 pé. Bátìrì bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lọ, tiwa ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tún un ṣe ní a ò pè òun, òótọ́ ló sọ. A ti pààrọ̀ ẹ̀, a ó sì máa pa iná lóṣooṣù láti dán an wò.

Àmọ́ kí n sọ tiyín náà. Ìwé àkọsílẹ̀ kọ̀ntírólà fi hàn pé káàdì kan ṣoṣo wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, a sì mọ̀ pé ọmọ yẹn ò ní ìbejì. Káàdì ò mọ ojú ẹni tó mú un dání o! Ẹlòmíì tún ń fi òkúta há ilẹ̀kùn kó má bàa pa dé, súwíìṣì tó wà lára férémù á sì máa ké pé ilẹ̀kùn ti ṣí jù, ẹ wá ń sọ pé ariwo ń yọ yín lẹ́nu.

Ẹgbẹ́ Sáyẹ́ǹsì wa ni kí ẹ wá wò. Àwọn ọmọ yìí to ríídà, kọ̀ntírólà, bátìrì àti mágínẹ́ẹ̀tì sórí pákó kan, gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá kan ló sì ṣàlàyé fún èmi fúnra mi ìdí tí wọ́n fi ń so dáyódù (ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, pé tí wọ́n bá gé iná ẹ̀, agbára kan máa ń ta padà tó lè jó súwíìṣì inú kọ̀ntírólà. Inú mi dùn débi pé mo gbé pákó yẹn sí ọ́fíìsì mi.

Láti táàmù tó ń bọ̀, káàdì tí ẹ bá yá ẹlòmíì, a ó pa nọ́ńbà ẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ náà, òbí fúnra ẹ̀ ló máa wá gba òmíràn. Tí káàdì bá sọ nù, ẹ pè wá lójú ẹsẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́