Kí ẹ tó lẹ táìsì mọ́ ògiri yẹn

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé ẹ fẹ́ tún ilé yẹn ṣe. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi ẹ̀rọ máa ń pọ́n láàárọ̀, tó bá ṣàn díẹ̀ á mọ́, àti pé táìsì balùwẹ̀ nìkan lẹ fẹ́ pààrọ̀. Láti ìgbà tí mo ti kà á ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì jẹ́ kí wọ́n lẹ táìsì kankan.

Bí tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Táìsì ni mo ní kí wọ́n wá ṣe. Bíríkìlà ń gbẹ́ ògiri, ló bá ṣèèṣì kan páìpù, ó sì di dandan ká gé e. Nígbà tí púlọ́ńbà gbé èyí tó gé lé mi lọ́wọ́, ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo yọjú wo inú rẹ̀. Ìpẹtà ti wú sínú ibẹ̀ gúlegùle, ihò tí àtàǹpàkò mi ì bá wọ̀ tẹ́lẹ̀ kò gba pẹ́ńsù mọ́. Mo fi ìṣó ha á, ó ń ṣí bọ́ bí èèpo igi gbígbẹ. Omi tí àbíkẹ́yìn mi ń fi ife bù mu lóru nìyẹn! Omijé bọ́ lójú mi níbi tí mo dúró sí.

Síǹkì (zinc), irú mẹ́táàlì kan, ni wọ́n fi ń bo páìpù irin bẹ́ẹ̀ kí ó má baà dípẹtà. Tí omi bá ti jẹ síǹkì náà tán, irin ló kù tí yóò máa jẹ. Inú ló sì ti ń bàjẹ́, òde lè ṣì dára lójú. Bí ó bá ti lo nǹkan bí 40 sí 50 ọdún, ó ti ṣe tirẹ̀. Ìdí tí omi yín fi ń pọ́n láàárọ̀ kò ju pé inú ìpẹtà ló sùn mọ́jú.

Má sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe àbùlẹ̀ fún ọ. Ní ọdún méjì ṣáájú, ibì kan jò nílé mi, ẹni tó wá tún un ṣe sì so páìpù bàbà mọ́ irin àtijọ́ náà tààrà. Bàbà àti irin kì í bára gbé nínú omi, irin ni yóò tètè jẹ. Kò pé ọdún kan tí ojú oríkèé yẹn tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Níwọ̀n ìgbà tí ògiri ti ṣí, ẹ yọ gbogbo rẹ̀.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni páìpù tó gba ìta wọlé. Ó rí bí eérú, ó sì rọ̀. Púlọ́ńbà fi ọ̀bẹ ha á, ojú ibi tó ha ń dán bíi fàdákà, òòfà kò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Òjé ni! Òjé làwọn ará Róòmù àtijọ́ náà fi ń fa omi. Plumbum ni wọ́n ń pè é, inú orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n ti mú púlọ́ńbà. Kì í yí àwọ̀ omi padà, kì í rùn, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ tí kò léwu. Síse omi kò yọ ọ́. Bí omi ṣe ń gbẹ ni òjé tó wà nínú rẹ̀ ń ki sí i.

Torí náà, ha páìpù tìrẹ wò lónìí. Bí ojú rẹ̀ bá pupa, bàbà ni. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Bó bá rọ̀, tó ń dán, tí òòfà kò sì lẹ̀, ẹ má fi omi ẹ̀rọ yẹn po oúnjẹ ọmọ mọ́ títí ẹ ó fi yọ ọ́. Omi gbígbóná inú ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yàgò fún, torí ó ń fa òjé ju omi tútù lọ.

Ní ti páìpù tuntun, PPR ni mo lò, irú páìpù oníke kan tí wọ́n ń fi iná yọ́ lẹ̀ mọ́ra. PVC lásán, tí òun náà jẹ́ páìpù oníke, kò ṣeé fi gbé omi gbígbóná, ó máa ń rọ̀.

Ẹni tó fẹ́ lẹ táìsì fún mi ń kánjú, mo kọ̀ jálẹ̀. A tẹ omi sínú páìpù, a dí gbogbo ẹnu rẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Nígbà tó di àárọ̀, ọwọ́ agogo tó ń wọn agbára omi ti sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo sì ń fi ìka pa oríkèé kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn básíìnì ni ìka mi ti tutù: ẹ̀kán omi kan ṣoṣo, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bí a bá ti bò ó ni, inú ògiri ni ì bá ti máa jò. Wọ́n gé ibẹ̀, wọ́n tún un so, a sì tún dúró mọ́jú lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni mo ya fọ́tò gbogbo ògiri pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lára rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ kan ìṣó lọ́jọ́ iwájú lè mọ ibi tí páìpù gbà.

Ya fọ́tò ojú ibi tí o bá ha, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Mò ń retí rẹ̀.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́