Lẹ́tà sí Adérónkẹ́, lórí ọgbẹ́ ojú àti ekòló inú ọ̀sà

Yàbá, Èkó.

Adérónkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú àjò, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ ìtọ́jú ojú tí o ń kọ́ lọ́wọ́ ní Madurai, ní ilẹ̀ Íńdíà. Nínú lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn, o bi mí pé kí ló dé tí ènìyàn fi ń lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wá orúkọ fún ekòló òkun tí kò gùn tó ìka ọwọ́, nígbà tí ìwọ ń rí àwọn àgbẹ̀ tí ojú wọn fẹ́ fọ́ lójoojúmọ́. Ìbéèrè náà kò bí mi nínú rárá. Ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ sí ojú ìwé kejì lẹ́tà náà ni mo fẹ́ fi dá ọ lóhùn.

O ní ẹni tí ewé ìrẹsì bá gún lójú lóko a máa dé ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lú kọ́níà tó ti di funfun, ìyẹn awọ mímọ́ gaara iwájú ẹyinjú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹni tó bá wò ó lásán yóò kàn sọ pé ọgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í kán oògùn sí i títí ẹ ó fi ha díẹ̀ lára ọgbẹ́ náà, tí ẹ ó tẹ́ ẹ sórí dígí, tí ẹ ó da aró sí i, tí ẹ ó sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù bóyá bakitéríà ló wà níbẹ̀ tàbí fọ́ńgọ́ọ̀sì. Adérónkẹ́, kí ni ẹ ń ṣe nígbà náà, bí kì í ṣe pé ẹ ń wá orúkọ?

Mo ti ka ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Aravind, ilé ìwòsàn ojú tó wà ní Madurai níbẹ̀, àti láwọn ibòmíràn, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2012. Aláìsàn 500 tí bakitéríà dá ọgbẹ́ sí ní kọ́níà ló kópa nínú rẹ̀. Gbogbo wọn gba oògùn kan náà tó ń pa bakitéríà, wọ́n sì fi sítẹ́rọ́ìdì, ìyẹn oògùn tó ń mú kí wíwú àti pípọ́n rọlẹ̀, kún un fún ìdajì wọn, láti mọ̀ bóyá yóò mú kí wọ́n ríran dáadáa sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò sí ìyàtọ̀ gbòógì láàárín ìhà méjèèjì. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní sítẹ́rọ́ìdì kò ṣe rere, kò sì ṣe ibi. Nígbà tí wọ́n wá ya àwọn tí irú bakitéríà kan tó ń jẹ́ Nocardia wà lójú wọn sọ́tọ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà títí di ọdún kan, ohun mìíràn hàn: sítẹ́rọ́ìdì ran àwọn yòókù lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú kí àpá ojú àwọn oní-Nocardia fẹ̀ sí i. Nocardia yìí fúnra rẹ̀, ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń yọ ti mú kí àwọn onímọ̀ ìṣáájú kà á mọ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó gbà pé bakitéríà ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwádìí ọdún 2013, níbi tí wọ́n ti fi oògùn méjì tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, natamycin àti voriconazole, wé ara wọn lára aláìsàn 323 tí fọ́ńgọ́ọ̀sì dá ọgbẹ́ sí lójú. Natamycin, tó jẹ́ oògùn àtijọ́, ló borí, àwọn tí irú fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Fusarium wà lójú wọn ló sì jàǹfààní rẹ̀ jù. Lára àwọn tó ní fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn, ìyàtọ̀ náà kò hàn. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tí a kò bá dárúkọ rẹ̀ ni a kò lè yan oògùn rẹ̀.

Ó yá, tẹ̀ lé mi wá sínú ẹrẹ̀ tèmi. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969, epo tú jáde láti inú ọkọ̀ ojú omi akẹ́po kan tí wọ́n ń pè ní Florida nítòsí West Falmouth, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dá inú ẹrẹ̀ ibẹ̀ kú, ekòló kékeré pupa kan tí wọ́n ń pè ní Capitella capitata sì gbilẹ̀ sí ààyè wọn. Ibi púpọ̀ láyé ni wọ́n ti mọ orúkọ yìí mọ́ omi tó bàjẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláyẹ̀wò fi ń ka iye rẹ̀ láti mọ bí ìbàjẹ́ náà ti pọ̀ tó. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá òkun méjì, Frederick Grassle àti Judith Grassle, wá ń sin àwọn ekòló náà, wọ́n sì yẹ èròjà ara wọn wò fínnífínní. Ní ọdún 1976, wọ́n kéde pé ẹ̀yà mẹ́fà ló wà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yẹn. Wọ́n jọra bí ìbejì tó jẹ́ pé ìyá wọn nìkan ló lè dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n ẹyin wọn kò tóbi bákan náà, àsìkò ìbímọ wọn yàtọ̀, ọ̀nà tí ọmọ wọn ń gbà dàgbà sì yàtọ̀. Èwo wá ni àwọn aláyẹ̀wò omi ti ń kà láti ọjọ́ yìí wá?

Onímọ̀ ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Fabricius ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ekòló náà láti Greenland ní ọdún 1780, ó sì kà á mọ́ ìdílé ekòló ilẹ̀. Ó di ọdún 2009 kí James Blake tó ṣàpèjúwe rẹ̀ lákọ̀tun láti ìwọ̀-oòrùn Greenland, tó sì yan ẹyọ kan tí gbogbo àwọn mìíràn yóò máa fi ara wé. Ní ọdún kan náà ni òun, Judith Grassle àti Kevin Eckelbarger fún ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1976 ní orúkọ tirẹ̀, Capitella teleta. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló gbà! Mo mọ̀ pé ìwọ yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò rò pé ó pẹ́ jù.

Ọ̀sà wa níbí kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1990, Ajao àti Fagade tẹ ìwádìí jáde lórí ekòló yìí nínú ọ̀sà Èkó, lábẹ́ orúkọ Capitella capitata. Mi ò bá wọn wíjọ́, nítorí orúkọ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n ó ṣòro fún mi láti gbà pé ẹ̀dá inú omi tútù Greenland náà ló ń gbé inú omi gbígbóná tiwa, níbi tí lẹ́búlẹ́bú igi láti ilé ìlagi Òkòbàbà ti dà sí ẹrẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé fọ́málíìnì, ìyẹn omi kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí òkú ẹ̀dá jẹrà, ni wọ́n sábà máa ń fi tọ́jú ekòló láyé ìgbà náà, ó sì máa ń ba DNA jẹ́, ìyẹn èròjà àjogúnbá tí a fi ń dá ẹ̀yà mọ̀, nítorí náà a ní láti wá àwọn tuntun, kí a sì tọ́jú wọn sínú ọtí líle. Lẹ́yìn náà ni a ó wo ìkọ́ tó wà lára àwọn akọ, ní oríkèé kẹjọ àti ìkẹsàn-án, tí a ó sì fi aró tí wọ́n ń pè ní methyl green kùn wọ́n láti wo ibi tí yóò mú àti ibi tí kò ní mú. Bí ẹ̀yin ṣe ń kán aró sójú tí ọgbẹ́ fi ń tàn yòò lábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, bẹ́ẹ̀ náà ni àwa ń ṣe pẹ̀lú ekòló.

Ní ti ojú, ọ̀rọ̀ ilé ló bà mí lẹ́rù jù. O mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, gbogbo ojú tó bá ti pọ́n, Àpólò ni. Ẹlòmíràn yóò da ìtọ̀ tàbí omi ewé sí i, ẹlòmíràn yóò fún wàrà ọmú sí i, ẹni tó sì rò pé òun gbọ́n jù lọ yóò ra oògùn àkánsójú ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì láìbéèrè bóyá sítẹ́rọ́ìdì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀, oògùn yẹn yóò mú kí ojú náà kọ́kọ́ fúyẹ́, ọgbẹ́ yóò sì máa jẹ wọnú lọ. Nígbà tí o bá padà dé, kí ìjà rẹ àkọ́kọ́ jẹ́ láti rí i pé maikirosíkóòpù àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò wà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú, kódà kí ó ṣáájú ẹ̀rọ iṣẹ́ abẹ olówó ńlá.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí o bá mi wádìí. Ṣé wọ́n máa ń tọ́jú àwọn kòkòrò àrùn tí wọ́n bá hù láti inú ọgbẹ́ ojú níbẹ̀, kí ẹlòmíràn lè tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ogún ọdún, bí orúkọ Nocardia tí wọ́n kọ sí i bá tún pín sí méjì? Ta ni ó wà nídìí ìtọ́jú wọn, inú kí ni wọ́n sì ń pa wọ́n mọ́ sí? Kọ ọ́ sí mi ní kíkún, nítorí mo fẹ́ fi wé bí a ṣe ń to ìgò ekòló tiwa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bọ́láńlé